Tọ́rọ́tù Tó Ń Ta Gìrì Kò Yẹ Ojú Ọ̀nà Ọjà'ba

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ àwa ọmọ iléèwé àtijọ́

  

Ìgbìmọ̀ ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí mẹkáníìkì lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Pólì, òun náà ni mo fi ń jẹun títí dòní. Ìbéèrè ni mo mọ̀ ọ́n bi. Ohun tí mo bi àwọn tó mọṣẹ́, àti èyí tí mo kà, ni mo kó jọ fún yín.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn kan nínú wa ti ń wa spọ́ọ̀tì káà báyìí. Inú wa dùn sí i. Ẹni tó fi gàrí àti kúlíkúlí ṣe ìdánwò, bí ó bá fi mọ́tò tó rẹwà gbádùn ara rẹ̀ lónìí, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń rò. Wọ́n ní bí àwọn bá fẹsẹ̀ kan tọ́rọ́tù pẹ́ẹ́, mọ́tò á ta gìrì. Bí àwọn bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á tún forí sọlẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ kàn. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á wá máa mi orí ṣáá bí ẹni pé ó gbà fún gbogbo ohun tí awakọ̀ ń sọ.

A lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú ibi tí à ń wa mọ́tò náà. Nǹkan bí ọdún 1829 ni wọ́n tẹ Ìbàdàn yìí dó, mọ́tò ò tí ì sí níbikíbi láyé nígbà náà. Ẹsẹ̀ èèyàn, ẹṣin àti alárù ni wọ́n la ọ̀nà Ọjà'ba àti Bẹyẹrunka fún. Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó lọ́dún 1929, orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, títì sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ látibẹ̀ wá sí Bẹẹrẹ. Ẹ wo ojú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ ọjà. Ìyá kan tẹ́ ata sí etí gọ́tà. Ọmọ iléèwé ń sọdá. Ọ̀kadà gba ọ̀tún, Micra gba òsì, alábàrù ń pariwo àgò lẹ́yìn. Àlàfo tó wà láàrin bọ́ńpà mọ́tò yín àti igbá ata ìyá náà lè má tó apá kan.

Mọ́tò tó bá fò síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà méjì lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ta ló máa mọ̀? Bó bá fò ní ẹsẹ̀ bàtà méjì kan náà l'Ọjà'ba, orúnkún èèyàn ló bá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ yìí kọjá fáàrí. Eré sísá kọ́ lẹ̀ṣẹ̀ mọ́tò yín, torí ta ló fẹ́ sáré ní Bẹẹrẹ? Òjijì ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Kí ni tọ́rọ́tù gan-an?

Ibi tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń pè ní tọ́rọ́tù. Kò burú. Ṣùgbọ́n ońṣẹ́ lásán ni ibẹ̀. Tọ́rọ́tù gan-an wà lára ẹ́ńjìnnì. Ihò kan ni, bíi páìpù, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Àwo pẹlẹbẹ kan wà láàrin ihò náà tó ń ṣí tó sì ń tì bí ilẹ̀kùn. Bí a bá tẹsẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí, afẹ́fẹ́ á wọlé, epo á bá a wọlé, iná á ràn, mọ́tò á lọ. Bí a bá gbé ẹsẹ̀, sípíríǹgì á fà á padà, ilẹ̀kùn á tì.

Nínú mọ́tò àtijọ́, bíi Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, kébù tàbí ọ̀pá irin ló so ẹsẹ̀ yín mọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ṣe máa ṣí. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, kò sí kébù mọ́. Sẹ́ńsọ̀ ló wà níbi ẹsẹ̀, á sọ fún bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn ọpọlọ mọ́tò, ọpọlọ á ronú, á wá pàṣẹ fún mọ́tọ̀ kékeré kan pé kó ṣí ilẹ̀kùn. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni BMW ti ń fi irú rẹ̀ sínú mọ́tò ńlá wọn, Chevrolet sì fi í sínú Corvette ọdún 1997. Lóde òní, kò fẹ́ẹ̀ sí mọ́tò tuntun tí kò ní in.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa ilẹ̀kùn yìí ni pé ṣíṣí rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹ fi gbọ̀ngàn tí a wà yìí ṣe àpẹẹrẹ. Bí ilẹ̀kùn bá tì pa tí èrò sì ń dúró níta, bí ẹ bá ṣí i díẹ̀, ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ ńlá ló dé, èèyàn ti ń ya wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí dé ìdajì, tí ẹ wá ṣí i gbayawu, ìyàtọ̀ yẹn kò tó ti àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tọ́rọ́tù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń yí. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn náà la sì ń lò jù lọ nínú gósílò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ spọ́ọ̀tì káà?

Ẹ jẹ́ ká fi Micra wé e, torí Micra ni gbogbo Ìbàdàn mọ̀. Micra olójú rogodo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà kan, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹṣin 55 lọ. Corvette ọdún 1997 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní 345. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́fà lọ. Awakọ̀ Micra lè tẹ tọ́rọ́tù dé ìdajì kó tó gun òkè Mápó. Ẹni tó jókòó sínú èkejì, bó bá tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á di ti ọlọ́pàá.

BMW M3 tó jáde lọ́dún 2000 tún ya ti rẹ̀. Ilẹ̀kùn tọ́rọ́tù mẹ́fà ló ní, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè dáhùn. Wọ́n tún fi bọ́tìnnì kan tí wọ́n pè ní Sport sí i. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, kò ní fi ẹṣin kankan kún ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń ṣe ni pé tọ́rọ́tù á túbọ̀ yára ṣí lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ohun tó dùn lórí pápá eré ìje nìyẹn. Ní Bẹyẹrunka, wàhálà ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa á rántí irú ọmọ kan ní kíláàsì, tí tíṣà ò tí ì bi ìbéèrè tán tó ti nàwọ́ sókè, tó ti ń pariwo ìdáhùn. Kì í ṣe olódo. Ó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni tọ́rọ́tù spọ́ọ̀tì káà. Ẹ kì í lé e kúrò níléèwé, ńṣe lẹ ń kọ́ ọ ní sùúrù.

Ohun méjì míì tún wà tó ń dá kún un. Àkọ́kọ́ ni pé bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá nígbà tí mọ́tò ṣì ń sáré nínú jíà, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní máa ń dá epo dúró kó má bàa ṣòfò. Bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, epo á dé lójijì. Gbogbo ibi tó dẹ̀ nínú jíà, nínú ṣáàfù àti lórí ẹ́ńjìnnì síìtì á fà le lẹ́ẹ̀kan náà, gbọ̀ngán! Jíà kìíní ló sì ń burú jù, torí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ó máa ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di ju ìlọ́po mẹ́ta lọ kó tó dé táyà.

Èkejì ni ojú ọ̀nà wa. Mọ́tò wọ kòtò, ara yín mì, ẹsẹ̀ yín mì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó mì tẹ tọ́rọ́tù, mọ́tò ta síwájú. Mọ́tò tó ta síwájú ti ẹ̀yìn yín mọ́ síìtì, ẹsẹ̀ yín gbéra, mọ́tò fà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ń mi mọ́tò, mọ́tò ń mi ẹsẹ̀. Ẹ ó máa bú mẹkáníìkì nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin àti kòtò lẹ jọ ń jó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ yín

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a tó náwó lórí mọ́tò, ẹ jẹ́ ká yẹ ara wa wò, torí èyí kò gba kọ́bọ̀.

Èkíní, gìgísẹ̀ yín gbọ́dọ̀ fìdí múlẹ̀. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé ilẹ̀ mọ́tò, kí iwájú ẹsẹ̀ nìkan máa yí lórí tọ́rọ́tù. Ẹni tó bá gbé gbogbo ẹsẹ̀ sókè, itan ló fi ń wa mọ́tò, itan ò sì mọ ohun kékeré ṣe. Bí ògiri ọwọ́ òsì tàbí ọ̀tún bá súnmọ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ bàtà tì í díẹ̀. Ìyẹn ló ń dá ẹsẹ̀ dúró nígbà tí ẹ bá wọ kòtò.

Èkejì, síìtì. Bí ẹ bá jókòó jìnnà, ẹsẹ̀ yín á nà tán, orí ìka ni ẹ ó máa fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ fà á súnmọ́ títí orúnkún yóò fi ká díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bàtà. Mo mọ̀ pé aṣọ ẹgbẹ́ wa lónìí bá bàtà onígìgísẹ̀ gíga mu, ẹ̀yin Àǹtí wa. Ṣùgbọ́n ẹ wá bàtà pẹlẹbẹ kan sínú mọ́tò. Sílípáàsì náà kò dára, ó lè há sábẹ́ bíréèkì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má lo jíà kìíní ju bó ti yẹ lọ. Fún ẹni tó ń wa mọ́tò oníjíà ọwọ́, bí mọ́tò bá ti gbéra, tó sì ti ń rìn dáadáa, ẹ bọ́ sí jíà kejì. Agbára tó ń dé táyà á dín kù, ìtagìrì á dín kù pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì gbá díẹ̀ kí ẹ tó fi tọ́rọ́tù kún un, kí ẹ má sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pàì. Ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì gbá, kí ẹ tó tú u. Ẹni tó bá ń fi tọ́rọ́tù nìkan dá mọ́tò dúró lórí òkè ń jó kílọ́ọ̀ṣì níná, ó sì ń wá ìjàǹbá.

Ẹ̀karùn-ún, fún àwọn onímọ́tò otomátíìkì. Nínú gósílò lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fi tọ́rọ́tù sílẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọ̀pọ̀ mọ́tò á máa rá fúnra rẹ̀. Bíréèkì ni kí ẹ fi máa darí rẹ̀. Bí mọ́tò yín bá ní ipò Sport, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó dé Bẹẹrẹ. Bó bá ní Eco tàbí Comfort, ibẹ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Ẹ̀kẹfà, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ ọ́n tẹ̀, tí wọn ò mọ̀ ọ́n tú. Ìtú òjijì ló ń mú kí mọ́tò forí sọlẹ̀.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe èyí. Bí mọ́tò bá dákẹ́, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni. Ẹ tún lè fún awakọ̀ tó dáńtọ́ wà kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ń ta gìrì lọ́wọ́ òun náà, ẹ jẹ́ ká ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bó bá jẹ́ mọ́tò ni

Níbi yìí lowó ti ń ṣòfò. Bí ẹ bá ní tọ́rọ́tù ń ta gìrì, ẹlòmíì á ní kí ẹ lọ ra òdidì tọ́rọ́tù bọ́dì tọ́kunbọ̀ ní Géètì lọ́jà Aràròmí. Ẹ má tíì lọ. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ, láti orí èyí tí kò gba owó lọ sí èyí tó ń gba owó gọbọi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ẹsẹ̀. Ṣé fúùtì máàtì ò dí tọ́rọ́tù lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ yìí tóbi, màá padà sórí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ oníkébù, ẹ wo kébù. Èyí tó bá dẹ̀ jù, ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lásán, lẹ́yìn náà ló máa wá já lu mọ́tò lójijì. Èyí tó bá le jù kò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì dáadáa. Èyí tí okùn rẹ̀ ti ń tú máa ń há. Kébù kò wọ́n, àtúnṣe rẹ̀ kò sì gba àkókò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ rọ́bà afẹ́fẹ́, kí ẹ wo ojú tọ́rọ́tù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí ìdọ̀tí dúdú olóròóró tó yí etí àwo náà ká. Èéfín òróró tó ń padà láti inú ẹ́ńjìnnì ló fà á. Ìdọ̀tí yìí á lẹ àwo mọ́ ihò bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ mọ́ ewé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò ṣí. Ẹ tún fi díẹ̀ kún un, ó já gbà! Mọ́tò fò. Ó lè jẹ́ ohun tó ń dà yín láàmú kò ju èyí lọ. Oògùn ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún un àti àkísà mímọ́ ló ń gbà, kí ẹ́ńjìnnì sì ti kú. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ oníkébù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka tàbí súkúrú díráífà ti àwo náà, jíà kéékèèké inú rẹ̀ lè kán. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ọ̀pọ̀ mọ́tò ń fẹ́ kí a tún kọ́ ọpọlọ rẹ̀ ní ibi tí ilẹ̀kùn ń tì sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sílò rẹ̀ kò ní dúró. Ẹ bi mẹkáníìkì bó bá mọ̀ ọ́n ṣe kó tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹ wo àwọn rọ́bà tó ti sán, tó ń fa afẹ́fẹ́ tí ọpọlọ mọ́tò kò mọ̀ sí. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì síìtì, torí bó bá ti já, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì á máa jó lójú kan, ìtagìrì kékeré á sì di ńlá.

Ìgbà yìí ló wá kan síkáànù. Sẹ́ńsọ̀ tọ́rọ́tù lè jẹ ní ojú kan, tó fi jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ yín bá dé ibẹ̀, ìròyìn tó ń fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ á fò. Èmi tí mo jẹ́ oníròyìn mọ ohun tí ìròyìn tó fò lè fà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń síkáànù fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín bí ẹ ṣe ń rọra tẹ tọ́rọ́tù. Ó yẹ kó máa gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìfò.

Ohun kan tún kan àwa oní-tọ́kunbọ̀. Ẹ ò mọ ohun tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ lókè òkun fi sí i. Àpótí kékeré kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń so mọ́ wáyà tọ́rọ́tù kí mọ́tò lè dà bí ẹni pé ó lágbára sí i. Kò fi ẹṣin kan ṣoṣo kún un. Ńṣe ló ń bá ẹsẹ̀ yín bùmọ́ ọ̀rọ̀: ẹ ní díẹ̀, ó ní púpọ̀. Àwọn míì ti tún ọpọlọ mọ́tò kọ. Ẹ ní kí ríwáyà tó mọṣẹ́ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bẹ́ ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ yí i sí èyí tó rọ̀.

Epo tí à ń rà ńkọ́?

Bí mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì kété lẹ́yìn tí ẹ rapo, ẹ fura sí epo. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹtanọ́ọ̀lù rẹ̀ ti pọ̀ jù wọ orílẹ̀-èdè yìí. Mọ́tò ọ̀pọ̀ èèyàn bàjẹ́, ìlà ilé epo sì gùn títí. Omi inú epo, epo tí wọ́n bu kẹrosíìnì mọ́, gbogbo wọn ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì máa kọsẹ̀. Spọ́ọ̀tì káà kò sì ní ìfaradà bíi Micra. Ẹ má tún jẹ́ kí epo yín máa gbẹ délẹ̀, torí epo inú táńkì ló ń mú pọ́ǹpù tutù nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Àti pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ mọ iye tí à ń ra lítà kan. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ta gìrì tí ẹ sì tẹ bíréèkì, owó ló fò dànù yẹn.

Bí tọ́rọ́tù bá há

Mo ní màá padà sórí fúùtì máàtì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ní California ní Amẹ́ríkà, fúùtì máàtì tí wọn kò ṣe fún mọ́tò náà há tọ́rọ́tù Lexus kan mọ́lẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló kú. Toyota pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù mọ́tò padà lẹ́yìn náà, nítorí máàtì àti nítorí tọ́rọ́tù tó ń lẹ̀. Àwọn onímọ̀ NASA yẹ ẹ̀rọ ọpọlọ mọ́tò náà wò, nígbà tí àbọ̀ sì jáde lọ́dún 2011, wọn kò rí àléébù níbẹ̀ tó lè fa irú eré àsápajúdé bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2014, Toyota gbà láti san bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà torí ohun tó fi pamọ́ fáwọn oníbàárà.

Ẹ wo bí nǹkan kékeré ṣe lè ṣe tó. Àwa ńkọ́? Kápẹ́ẹ̀tì lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀rá lórí ọ̀rá, kí mọ́tò má bàa dọ̀tí. Máàtì kan ṣoṣo, tó bá mọ́tò mu, tó dúró lójú kan, ni kí ẹ lò.

Bí tọ́rọ́tù bá há mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fọkàn sí èyí dáadáa. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi, ẹ má tú u, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, torí agbára tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ á tán. Ẹ yọ jíà sí òfo, ìyẹn N. Ẹ́ńjìnnì lè pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ dúró, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa á. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mọ́tò ṣì ń lọ, kí sítíárìnì má bàa há. Ẹ kọ́ ìyàwó, ọkọ àti ọmọ yín tó ń wakọ̀. Ìṣẹ́jú tó bá ṣẹlẹ̀ kọ́ là ń kọ́ ọ.

Kí n tó jókòó

Ẹ̀yin olùkọ́ wa á rántí ọdún 1977, nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká léwájú rẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń pè wọ́n ní Májà-Májà. Látinú ìrírí yẹn ni Ṣóyínká ti di alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1988. Ìpínlẹ̀ wa ló ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ títì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ní mọ́tò nìkan. Òfin ní kí a má kọjá 50 kílómítà ní wákàtí kan nígboro. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè wọ inú bàtà yín lọ mú ẹsẹ̀ yín dúró. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ mú mẹ́rin yìí lọ sílé: ẹsẹ̀ ṣáájú, ìdọ̀tí tẹ̀ lé e, epo tẹ̀ lé e, kí ọpọlọ mọ́tò tó kàn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ kò ní ra ohun tí kò bàjẹ́. Títí ẹ ó fi rí ojútùú rẹ̀, ẹ má gbé mọ́tò tó ń ta gìrì gba Ọjà'ba. Ẹ gba ibòmíì, tàbí kí ẹ wọ Micra. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí à ń kan sáárá sí ní Bẹẹrẹ ni ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ata tí ìyá aláta ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ní spọ́ọ̀tì káà, Olúwa á jẹ́ kí ẹ lò ó gbó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fojú sọ́nà, tiyín á dé pẹ̀lú ẹ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ó máa jẹun ọmọ pẹ́. Bí a ṣe wá lónìí, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe padà sílé, a ò ní í rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Ní ọdún tó ń bọ̀, gbogbo wa la ó tún pé.